Afẹ́fẹ́ Ló Ń Pinnu Epo: Kí Wọ́n Tó Tún Epo Power Bike Ṣe

Irọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń gun power bike ní Ifẹ̀ àti Iléṣà: pé bí epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì bá ṣe pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Irọ́ yìí ló ń ta ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní chip. Tí wọ́n bá tú u wò, resistor lásán, ẹ̀yà tó ń dín iná kù, ló wà níbẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, kí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, lè rò pé afẹ́fẹ́ náà tutù ju bó ṣe rí lọ. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ, brain box á sì fi epo díẹ̀ kún un. Àmọ́ ibi gbogbo ló ń fi í kún: ibi tí epo ò tó, ibi tó ti tó, àti ibi tó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Tí sẹ́ńsọ̀ oxygen bá wà lára sàlẹ́ńsà, tí wọ́n sì ń gùn ún jẹ́ẹ́, sẹ́ńsọ̀ yẹn á rí epo àfikún náà, brain box á tún yọ ọ́ kúrò. Owó ti lọ, agbára ò kún, púlọ́ọ̀gì sì ń dúdú.

Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí á mọ ibi tí àṣìṣe wà. Èlùbọ́ ló ń sọ bí àmàlà ṣe máa pọ̀ tó. Omi kàn ń tẹ̀ lé èlùbọ́ ni. Bu omi lé omi láì fi èlùbọ́ kún un, ilé ò ní yó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmàlà á kàn máa rọ̀ títí tí ọwọ́ ò fi ní lè bù ú mọ́. Dín omi kù jù, á kókó, á sì jó mọ́ ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ni èlùbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fẹ́ agbára sí i, kó kọ́kọ́ wá bí afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i ṣe máa wọlé, kí èéfín sì ráyè jáde, lẹ́yìn náà ni kó wá wọn epo tó bá a mu.

Bẹntiróòlù máa ń jó tán pátápátá níbi tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ gíráàmù 14.7 sí epo gíráàmù 1. Ibẹ̀ ni brain box ń gbìyànjú láti dúró sí nígbà ìrìn jẹ́ẹ́, nítorí èéfín kó má bàa ba àyíká jẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ṣí throttle (ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ ẹni tó ń gun bike ń ṣí) tán, agbára tó pọ̀ jù wà níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà láàárín 12.8 sí 13.2 sí epo 1. Tí epo bá kéré gan-an níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í kàn (knock), orí píísìtìnnì sì lè yọ́. Tí nọ́ńbà náà bá lọ sílẹ̀ ju 12 lọ, ìyẹn tí epo bá pọ̀ jù, agbára á dín kù, epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, á sì já sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.

Ibi tó dùn jù nínú ètò yìí ni bí brain box ṣe ń bu epo. Kì í wọn epo rárá. Àkókò ló ń wọn. Páńpù ń tọ́jú agbára tí epo fi ń tì sí nǹkan bíi bar 3 nígbà gbogbo, nítorí náà, bí íńjẹ́tọ̀, ẹ̀yà tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, bá ṣe pẹ́ tó kó tó padé ni epo ṣe máa pọ̀ tó. Tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní RPM 12,000 (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), millisecond 10 (ìdá 10 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá) péré ló wà fún yíyí méjì tó para pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan. Íńjẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ lè fi nǹkan bíi millisecond 1 ṣí kí epo tó máa jáde dáadáa. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ìdá 5 nínú 100 kún epo tó ń gba millisecond 6, 0.3 millisecond ni gbogbo ariwo náà. Ìdí rèé tí bátìrì tó ti rẹ̀ fi lè ba tune (àtúnṣe epo) jẹ́: tí iná ò bá tó, íńjẹ́tọ̀ á pẹ́ kó tó ṣí.

Báwo ni brain box ṣe mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé? Lórí ọ̀pọ̀ power bike, kò mọ̀ ọ́n ní tààràtà. Àwọn tó ṣe é ti wọn ọ́n sílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú tábìlì. Tí throttle bá ṣí díẹ̀, brain box á wo RPM àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó. Tó bá ṣí gan-an, á wo RPM àti bí throttle ṣe ṣí tó. Lẹ́yìn náà á fi ìgbóná omi, ìgbóná afẹ́fẹ́ àti bí afẹ́fẹ́ ìta ṣe ki tó ṣàtúnṣe. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó tuning nítorí ọyẹ́ dé. Brain box ti ń bójú tó ìyẹn. Eruku ọyẹ́ tó ń dí fítà ni kí wọ́n wò. Ohun tí brain box ò lè mọ̀ ni pé wọ́n ti yọ sàlẹ́ńsà ilé iṣẹ́ kúrò, torí pé sàlẹ́ńsà àtijọ́ ló wà nínú tábìlì rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni tuning ti ní iṣẹ́ ṣe.

Ẹni tó bá pààrọ̀ ìdí sàlẹ́ńsà nìkan, kó fi epo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó pààrọ̀ sàlẹ́ńsà látòkè délẹ̀ pẹ̀lú fítà ló ní láti yàn láàárín ọ̀nà méjì: àpótí àfikún tàbí reflash.

Àpótí bíi Power Commander tàbí Rapid Bike máa ń jókòó sáàárín brain box àti íńjẹ́tọ̀. Á gba àṣẹ brain box, á fi ìdá díẹ̀ kún un tàbí kó yọ ọ́, kó tó fi ránṣẹ́. Ó dára fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan brain box, ó sì ṣeé tú tí wọ́n bá fẹ́ ta bike. Àléébù rẹ̀ ni pé brain box ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tí sẹ́ńsọ̀ oxygen bá ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì á máa tako ara wọn. Ó sì tún fi ojú ìsowáyà kún èyí tí òjò máa ń wọ̀. Kí wọ́n fi girísì tí kì í gbé iná kùn ún.

Reflash ló sàn jù. Tábìlì inú brain box gan-an ni wọ́n ń tún kọ, nítorí náà gbogbo àtúnṣe ìgbóná àti afẹ́fẹ́ á máa ṣiṣẹ́ lórí òtítọ́. Wọ́n tún lè mú kí fáànù tètè tan, bíi ní 95°C dípò 105°C, èyí tó wúlò gan-an nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lágéré lọ́sàn-án. Ewu rẹ̀ ni kí iná lọ láàárín ìkọ̀wé: brain box lè kú. Kí kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí bátìrì tirẹ̀ tàbí inverter, kì í ṣe iná NEPA. Kí ṣájà wà lórí bátìrì bike. Kí wọ́n yọ fíúùsì iná iwájú. Kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú fáìlì ilé iṣẹ́ sí ibi méjì.

Map, ìyẹn tábìlì epo, tí wọ́n bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti bike ẹlòmíì ni. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán ló jẹ́. Kí wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ wideband bíi Bosch LSU 4.9 wọn èéfín, kí wọ́n lè mọ iye afẹ́fẹ́ sí epo. Iwájú catalyst (ẹ̀yà tó ń fọ èéfín mọ́) ni kó wà, kó dà gẹ̀rẹ́ tó ìwọ̀n 10°, kí omi má bàa dúró sínú rẹ̀. Kí wọ́n rí i pé sàlẹ́ńsà ò jò ṣáájú sẹ́ńsọ̀, torí afẹ́fẹ́ tó bá wọ ibẹ̀ á mú kó parọ́ pé epo ò tó. Kí wọ́n wo fítà, páńpù epo, púlọ́ọ̀gì àti àyè fáàfù kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Ìrìn jẹ́ẹ́ ṣeé wọn lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà. Throttle ṣíṣí tán kò ṣeé wọn níbẹ̀ láéláé: bike 1000cc ní gíà kẹrin á ti kọjá kìlómítà 200 ní wákàtí kan kó tó dé òkè RPM, lójú ọ̀nà tí trélà àti ọlọ́kadà ń gbà. Orí dyno, ẹ̀rọ tí bike ń sáré lórí rẹ̀ láì kúrò lójú kan, ni ìyẹn ti ń wáyé.

Nígbà tí wọ́n bá ń yan nọ́ńbà ìkẹyìn, kí wọ́n rántí epo tí wọ́n ń rà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà. Methanol ò nílò ju afẹ́fẹ́ 6.4 sí epo 1 lọ, nítorí náà epo tí tune rò pé ó tó, kò ní tó mọ́. Lórí bike tí compression rẹ̀ (bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó) jẹ́ 13 sí 1, bíi Yamaha R1 ti 2015, kí wọ́n fi throttle ṣíṣí tán sí 12.8 dípò 13.2, kí wọ́n sì fi àkókò iná púlọ́ọ̀gì sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é.