Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ̀ pé ìṣirò òun ti ń yà kúrò lọ́nà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1758, ní ìlú Paris, Alexis Clairaut dìde níwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé, ó sì sọ ìgbà tí ìràwọ̀ onírù Halley yóò tún yọ sí ẹ̀bá oòrùn. Ó ní yóò tó nǹkan bí àárín oṣù kẹrin ọdún 1759. Òun, Joseph Lalande àti obìnrin onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Nicole-Reine Lepaute ti fi ọ̀pọ̀ oṣù jókòó ti ìṣirò náà, gègé àti tàdáwà ni irinṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n Clairaut kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó fi kún un pé iṣẹ́ àwọn lè fi oṣù kan yẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù kẹta ni ìràwọ̀ náà kọjá, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìgbà tí wọ́n dá.

Oṣù kan tí Clairaut fi sílẹ̀ fún àṣìṣe yẹn ni ọkàn iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń kọ sọ́fítíwíà fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lónìí. Ìdáhùn nìkan kò tó. Ètò tó bá kọ gbọ́dọ̀ lè wọn bí ìdáhùn náà ṣe lè yẹ̀ tó, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó padà sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Ìràwọ̀ Halley náà dára fún àpẹẹrẹ, torí ìrìn rẹ̀ kò dọ́gba rárá. Kọ̀ǹpútà kì í rí gbogbo ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ní lọ́wọ́ ni ibi tí ìràwọ̀ náà wà báyìí, bó ṣe ń sáré tó, àti bí oòrùn ṣe ń fà á. Ó máa ti inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣírò ibi tó máa dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á dúró níbẹ̀, á tún wo bí oòrùn ṣe ń fà á, á sì tún gbé ẹsẹ̀ mìíràn. Onímọ̀ ìṣirò Leonhard Euler ti kọ irú ọ̀nà yìí sílẹ̀ láti 1768. Ewu rẹ̀ ni pé láàárín ẹsẹ̀ kan, ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń ṣe bí ẹni pé oòrùn ń fa ìràwọ̀ náà bákan náà, bẹ́ẹ̀ fífà náà ń yí padà ní gbogbo ìgbà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe gùn tó ni irọ́ kékeré yìí ṣe ń tóbi tó.

Báwo wá ni kí ẹsẹ̀ kan ṣe gùn tó? Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Halley wà níbi tó jìnnà sí oòrùn jù lọ, nǹkan bíi bílíọ̀nù 5.3 kìlómítà. Eré rẹ̀ níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 0.9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bíi 78,000 kìlómítà lójúmọ́. Ní oṣù kejì ọdún 1986, nígbà tó wà lẹ́bàá oòrùn, eré rẹ̀ lé ní kìlómítà 54 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye tó rìn lójúmọ́ lọ sókè dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.7 kìlómítà, ọ̀nà rẹ̀ sì ń ṣẹ́ kọ́nà bó ṣe ń sáré lọ. Ẹsẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá kò ṣe nǹkan kan lọ́hùn-ún. Níhìn-ín, yóò sọ ìràwọ̀ náà nù.

Ẹlòmíràn á ní kí kọ̀ǹpútà kúkú máa gbé ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àkókò àti owó iná mànàmáná nìkan kọ́ ni ìyẹn ń jẹ. Iye díjíìtì tí kọ̀ǹpútà lè dì mú nínú nọ́ńbà kan níye, bíi 16 ni fún irú nọ́ńbà tí wọ́n sábà ń lò. Bó ṣe jẹ́ pé a kò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta tán pẹ̀lú 0.333, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá tán ní èdè 0 àti 1 tirẹ̀. Ó máa ń gé e. Ẹ̀rọ Patriot tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ Dhahran ní Saudi Arabia ń ka àkókò ní ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1991, ó ti wà ní títàn fún nǹkan bí 100 wákàtí, ìyẹn ni pé ó ti kà á ní ìgbà 3,600,000. Gígé tí kò tó nǹkan náà ti kó ara jọ di nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.34. Ẹ̀rọ náà wá ohun ìjà Scud tó ń bọ̀ níbi tí kò sí, ọmọ ogun 28 sì kú. Ẹni tó bá ń kọ irú sọ́fítíwíà yìí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé wọn. Ẹsẹ̀ tó kéré jù ń kó àṣìṣe gígé jọ, èyí tó gùn jù ń yà kúrò lọ́nà.

Ọgbọ́n tó yanjú rẹ̀ rọrùn láti sọ: ṣírò ẹsẹ̀ kan náà lọ́nà méjì tí agbára wọn kò dọ́gba, kí o fi ìdáhùn méjèèjì wé ara wọn. Ní 1969, Erwin Fehlberg, ọmọ Jámánì tó ń bá NASA ṣiṣẹ́ ní Huntsville, ìpínlẹ̀ Alabama, ṣe é lọ́nà tó wúni lórí gan-an. Orí ọ̀nà tí Carl Runge àti Wilhelm Kutta ti là sílẹ̀ ní Jámánì ló kọ́lé lé. Nínú ẹsẹ̀ kan, ètò rẹ̀ máa ń yẹ fífà oòrùn wò ní ẹ̀ẹ̀mẹfà péré, àmọ́ nínú mẹ́fà kan náà ló ti ń yọ ìdáhùn méjì, èyí tó lágbára àti èyí tó lágbára jù ú lọ. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni òdiwọ̀n àṣìṣe. Kò sẹ́ni tó fi ojú ọ̀nà gidi han kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ó ti wọn bó ṣe yà kúrò níbẹ̀.

Ká ní ẹni tó ń lò ó ti pa á láṣẹ pé àṣìṣe ẹsẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà kan lọ. Kọ̀ǹpútà gbé ẹsẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá, ìdáhùn méjèèjì wá fi kìlómítà 32 jìnnà síra. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn: ètò náà á da ẹsẹ̀ yẹn nù pátápátá, á sì padà sí ibi tó ti gbéra. Nínú irú ìṣirò yìí, tí a bá gé ẹsẹ̀ sí méjì, àṣìṣe rẹ̀ á dín kù lọ́nà 32, nítorí 2 × 2 × 2 × 2 × 2 ni 32. Ọjọ́ márùn-ún ló yẹ kó gbìyànjú nígbà náà. Àwọn tó kọ ọ́ kò sì fẹ́ kó máa rìn létí ọ̀gbun gan-an, wọ́n ní kó fi 0.9 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹsẹ̀ tuntun di ọjọ́ mẹ́rin àbọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò ju ìdá kan nínú 32 kìlómítà lọ, á gba ẹsẹ̀ náà wọlé, á sì fi ọjọ́ 18 gbé èyí tó kàn. Báyìí ni ẹsẹ̀ á ṣe máa gùn bí Halley bá ń jìnnà, tí á sì máa kúrú bó bá ń sún mọ́ oòrùn. John Dormand àti Peter Prince tún ọ̀nà náà ṣe sí i ní 1980. Tiwọn ló wà nínú ode45 ti MATLAB àti nínú RK45 ti SciPy, sọ́fítíwíà ìṣirò méjì tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láìmọ orúkọ Dormand àti Prince.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi àwọn irinṣẹ́ yìí lò. Bí a kò bá sọ nǹkan kan fún RK45 ti SciPy, ìdá kan nínú 1,000 ni ààlà tí yóò fi sí àṣìṣe. Ààlà yẹn, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà fún, kì í ṣe gbogbo ìrìn àjò. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀, àwọn àṣìṣe tí a gbà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan lè ti para pọ̀ di ńlá. Àìbìkítà gidi ni kí ènìyàn tẹ èsì jáde láìtíì fún ààlà náà pọ̀ kó sì wò ó bóyá ìdáhùn á yí padà.

Àwọn ìṣirò kan tilẹ̀ wà tó ń tan ọ̀nà yìí jẹ. Nínú kẹ́míkà, nǹkan kan lè yí padà kíákíá, kó sì parẹ́ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí òmíràn ń fi wákàtí falẹ̀. Eléyìí tó yára ti lọ tán, àmọ́ ètò á ṣì máa gbé ẹsẹ̀ èèrà nítorí rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn pátápátá ni irú ìṣirò olóríkunkun bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Simeon Ola Fatunla ti Yunifásítì Benin wà lára àwọn tó jà fitafita pẹ̀lú rẹ̀, ó sì tẹ odindi ìwé jáde lórí ọ̀nà ìṣirò wọ̀nyí ní 1988. Ní Livermore, ní California, Linda Petzold àti Alan Hindmarsh ṣe LSODA, ètò tó ń dá mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ pé olóríkunkun ni òun bá pàdé, tó sì ń pààrọ̀ ọ̀nà láàárín ìrìn. Láti ọdún 1983 ni, ní èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Fortran, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú odeint ti SciPy.

Kì í ṣe àkókò nìkan ni a ń gé báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò bí tsùnámì ṣe ń bọ̀ á da àwọ̀n bo òkun lórí kọ̀ǹpútà, á sì ṣírò gíga omi ní ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Marsha Berger àti Joseph Oliger kọ ní 1984 nípa àwọ̀n tí ojú rẹ̀ ń kéré níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná nìkan. GeoClaw, ètò tí Berger, Randall LeVeque àti David George jọ kọ́, ń lò ó fún tsùnámì: ojú àwọ̀n á fẹ̀ tó ọ̀pọ̀ kìlómítà láàárín agbami, á wá kéré dé ìwọ̀n mítà níbi tí omi ti fẹ́ wọ àdúgbò.

Orúkọ iṣẹ́ yìí gan-an kò pẹ́. Ní 2012, níbi ìpàdé kan ní Oxford, àwọn kan gbà láti máa pe ara wọn ní ẹnjiníà sọ́fítíwíà fún ìwádìí, torí yunifásítì kò ní àpótí tí wọ́n lè kó wọn sí. Púpọ̀ nínú ọjọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń dán ètò wò. Yóò gé ẹsẹ̀ sí méjì, kó lè rí i bóyá àṣìṣe dín kù lọ́nà 32 lóòótọ́. Bó bá jẹ́ 8 ló dín kù, nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú kóòdù, bó tilẹ̀ ṣe pé àwòrán tó jáde rẹwà. Yóò mú Halley láti 1986, yóò fi kọ̀ǹpútà wakọ̀ rẹ̀ dé 2061 tó tún máa sún mọ́ oòrùn, yóò yí àkókò padà, yóò wakọ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn, yóò sì wọn iye kìlómítà tó fi jìnnà sí ibi tó ti gbéra.