Tölt: Ìrìn Tí Ọ̀pọ̀ Ẹṣin Kò Mọ̀

Ẹni tó bá tẹ́tí sí ìró pátákò nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá lójú títì Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ yóò mọ̀ pé ẹṣin tó ń rìn yàtọ̀ sí èyí tó ń sáré, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ìyára nìkan. Ètò tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń gbéra, tí wọ́n sì fi ń balẹ̀, ni ìrìn ẹṣin.

Bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìró mẹ́rin la ó sì gbọ́. Bí ó bá wá ń sáré tete, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ti ẹ̀yìn òsì yóò jọ balẹ̀, àwọn méjì yòókù yóò tẹ̀ lé wọn, ìró á di méjì, gbogbo ẹsẹ̀ á sì kúrò nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láàárín wọn. Bó ṣe ń balẹ̀ padà yìí ló ń mú kí ìdí ẹni tó gùn ún máa fò lórí gàárì. Ẹni tó bá ti gẹṣin láti Ọ̀yọ́ dé Ìlọrà kò nílò àlàyé lórí èyí.

Tölt, tí a mọ̀ mọ́ ẹṣin ilẹ̀ Iceland, kò ní wàhálà yìí. Ètò ẹsẹ̀ ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ náà ni: ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ó lè yára gan-an, síbẹ̀ ẹsẹ̀ kan tàbí méjì kò ní ṣàì wà nílẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ẹṣin á máa lọ geere. Àwọn ará Iceland a máa fi ṣeré: wọ́n á gbé ife bíà tó kún dẹ́múdẹ́mú dání lórí ẹṣin, kí wọ́n lè wo ẹni tí ọtí rẹ̀ yóò ṣẹ́kù jù.

Irú ìrìn báyìí wà níbòmíràn. Irú ẹṣin kan, Paso Fino ti Puerto Rico àti Kòlóńbíà, ń gbé ẹsẹ̀ kéékèèké ní kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, wọ́n sì máa ń mú un gba orí pákó kọjá níbi ìdíje kí àwọn adájọ́ lè fi etí gbọ́ bóyá ìró rẹ̀ dọ́gba.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, tí ọ̀pọ̀ wọn wà ní Sweden, ṣàwárí pé àyípadà kékeré nínú apilẹ̀ àbùdá (gene) kan, DMRT3, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ló ṣílẹ̀kùn irú ìrìn báyìí fún ẹṣin. Lójú tèmi, èyí ló yẹ kí ẹni tó ń fi ìjánu àti pàṣán kọ́ ẹṣin rẹ̀ ní tölt kọ́kọ́ mọ̀: ẹ̀kọ́ lè tún ìrìn náà ṣe, ṣùgbọ́n ẹṣin tí a kò bí ìrìn náà mọ́ ṣòro láti fi í kọ́.

Nígbà tí ọ̀nà dára sí i ní Yúróòpù, tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sì gbòde, ẹṣin tó ń sáré tete làwọn ènìyàn fẹ́, irú àwọn ẹṣin onírìn geere sì ń dín kù. Ọ̀kan nínú wọn, Narragansett Pacer ti Rhode Island ní Amẹ́ríkà, ti run pátápátá. Ní Iceland, òfin kò gba ẹṣin láti òkèèrè wọlé, ẹṣin wọn tó bá sì ti jáde kò gbọdọ̀ padà.