Ìmọ̀ àwọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà

Ìmọ̀ àwọ̀ ni ẹ̀kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀ pọ̀, àti ohun tí àwọ̀ kan máa ń ṣe sí èkejì tí wọ́n bá jọ wà lójú kan. Òun ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà yàwòrán.

Àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń pè ní ìpìlẹ̀ nídìí ọ̀dà: pupa, yẹ́lò àti búlúù. Pupa àti yẹ́lò á di àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò àti búlúù á di àwọ̀ ewé, pupa àti búlúù á di pọ́pù, táwọn àgbà ń pè ní elésè àlùkò. Lẹ́nu ló ti rọrùn o, torí búlúù kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, búlúù tí wọ́n ń pè ní ultramarine ní pupa díẹ̀ nínú, tí wọ́n bá pò ó mọ́ yẹ́lò, àwọ̀ ewé tó máa jáde á ṣú bí ewé tó fẹ́ gbẹ, àmọ́ phthalo blue sún mọ́ àwọ̀ ewé ní tiẹ̀, èyí tó máa gbé jáde á mọ́ kedere. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ọwọ́ àwọn ni ò dáa, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà tí wọ́n rà ló fà á.

Ti ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni ojú fóònù ń lò, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn pa pọ̀ funfun ló máa jáde. Àwọn tó ń tẹ̀wé ń lo cyan (búlúù tó sún mọ́ àwọ̀ ewé), magenta (pupa tó sún mọ́ pọ́pù), yẹ́lò àti dúdú.

Isaac Newton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló to àwọ̀ méje sínú òbírípo nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1704. Lórí òbírípo táwọn ayàwòrán ń lò báyìí, pupa kọjú sí àwọ̀ ewé, búlúù kọjú sí àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò kọjú sí pọ́pù. Tí wọ́n bá po àwọn méjì tó kọjú síra, wọ́n á pa ara wọn kú di búráùn tàbí àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kùn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kálukú á túbọ̀ yọ.

Bí àwọ̀ ṣe mọ́ tàbí ṣú tó náà ṣe pàtàkì. Àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá mọ èyí dáadáa, torí aró èlú kan náà ni, iye ìgbà tí wọ́n bá ki aṣọ bọ̀ ọ́ ló ń sọ bóyá búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa jẹ́ tàbí á ṣú dúdú bí ẹtù.

Èyí tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú jù ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti aládùúgbò ẹ̀. Ní 1824 wọ́n fi Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Faransé, ṣe ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń pa òwú láró ní Gobelins ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ aláwòrán ńláńlá tí wọ́n ń fi kọ́ ògiri. Ẹ̀sùn tó bá níbẹ̀ ni pé òwú dúdú wọn ò dúdú tó. Ó fi òwú náà wé ti ibòmíì, kò rí àléébù kankan, àṣé òwú búlúù àti pọ́pù tí wọ́n hun tì í ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ó ti ṣá. Ó tẹ ìwé lórí ẹ̀ ní 1839, ìmọ̀ yìí sì wà nídìí iṣẹ́ Georges Seurat, tó ń fi ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké yàwòrán.

Ó rọrùn láti dán an wò nílé: gé bébà aláwọ̀ eérú kan sí méjì, gbé ọ̀kan sórí bébà dúdú, gbé èkejì sórí funfun. Èyí tó wà lórí dúdú á mọ́ ju èkejì lọ lójú ẹ, títí wàá fi mú méjèèjì kúrò níbẹ̀ tí wàá sì fi wọ́n kanra.