Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tan Mọ́ Lẹ́yìn Tí A Fi Nǹkan Tuntun Sí I

Kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, tí wọ́n fi RAM tuntun (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) sí lọ́sàn-án, tí kò wá tan mọ́ nírọ̀lẹ́, kì í sábà jẹ́ òkú. Ohun tí ọwọ́ kàn gbẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ ọ́, ẹ dá ti àtijọ́ padà sáyè rẹ̀, kí ẹ tún ẹ̀rọ náà tàn. Bó bá tan, òun àti àlejò tó dé bá a ni kò tíì gbọ́ra yé. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí èèyàn pààrọ̀ RAM, SSD (ibi tí fáìlì ń gbé) àti bátìrì lọ́jọ́ kan náà: bí wàhálà bá dé, èwo nínú wọn la máa mú?

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná àti bátìrì laptop, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kí iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè tán. Lásìkò ọyẹ́ ní Ìlọrin, afẹ́fẹ́ a máa gbẹ débi pé aṣọ ń ta ṣáṣá lára bí a bá ń bọ́ ọ. Iná tíńtín tó ń ta lára aṣọ yẹn tó láti ba RAM jẹ́. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà náà lóòrèkóòrè.

Bí kò bá mí rárá, tí fáànù kò yí, tí iná kankan kò tàn, ọ̀rọ̀ wáyà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Lára desktop, ẹ tẹ wáyà ńlá onípín 24 wọlé dáadáa, àti èyí tó ń gbé iná fún processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), onípín 4 tàbí 8. Ẹ wò ó bóyá síkúrù kan já sábẹ́ motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ so mọ́). Ní ti laptop, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́: àwọn kan wà tí kì í jí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ bátìrì wọn, àfi kí wọ́n rí iná ṣájà.

Bí fáànù bá ń yí ṣùgbọ́n tí ojú kọ̀ǹpútà dúdú, RAM ni kí ẹ dojú kọ. Oríṣi RAM ni DDR3 àti DDR4: DDR3 ti laptop ní ojú ìfarakan 204, DDR4 ní 260, nítorí náà ọ̀kan kò lè wọ ihò èkejì. Ẹni tó bá fi agbára tì í yóò fọ́ ihò náà ni. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni DDR3 àti DDR3L, nítorí ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Fóltì 1.5 ni ti àkọ́kọ́, 1.35 ni ti èkejì, DDR3L nìkan sì ni ọ̀pọ̀ laptop tó ń lo irú RAM yìí ń gbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Tanke ní Ìlọrin tó ń lo tọ́kùnbọ̀ ka ohun tó wà lára RAM àtijọ́ kó tó sanwó tuntun. Bí ẹ bá ń fi ti laptop sí i, ẹ fi í bọ ihò ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́, ẹ tì í wọlé títí eyín aláwọ̀ wúrà rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí irin méjèèjì yóò fi dún kọ́. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fi rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu eyín yẹn, kí ẹ dán an wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ké pí-pí, ẹ ka iye ìgbà tó ké. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Kò tán síbẹ̀: ẹ yọ bátìrì kékeré CR2032 tó wà lórí motherboard fún ìṣẹ́jú 5 nígbà tí wáyà iná kò sí lára rẹ̀, kí BIOS (ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ) lè gbàgbé ètò àtijọ́. Ti DDR5, ẹ ní sùúrù. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa tan lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan.

Bó bá jẹ́ káàdì àwòrán lẹ fi sí i, wáyà mọ́nítọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lára motherboard lọ sára káàdì náà. Wáàtì 75 péré ni ihò rẹ̀ ń fún un, nítorí náà káàdì tó bá tóbi nílò wáyà iná tirẹ̀. Processor tuntun lè nílò BIOS tuntun, èyí tí a sábà máa ń fi processor àtijọ́ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná NEPA lásán ṣe é. Bí iná bá lọ láàárín, motherboard lè kú pátápátá. Inverter tàbí UPS ni kó gbé e.

Bí orúkọ ilé iṣẹ́ bá jáde lójú rẹ̀, tó wá kọ ọ́ pé kò rí disk tí òun máa bẹ̀rẹ̀ látinú rẹ̀, SSD ni ọ̀rọ̀ kàn. Òfìfo ni SSD tuntun, ó gbọ́dọ̀ ní Windows lórí. Ihò M.2 (ihò tí SSD pẹlẹbẹ ń wọ̀) mìíràn, SSD oríṣi NVMe nìkan ló gbà, òmíràn oríṣi SATA nìkan, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọra. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti yọ bátìrì CR2032, UEFI lè ti rọ́pò Legacy; ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ ń gbà jí Windows ni wọ́n. Windows àtijọ́ tó wà lórí disk MBR (ìlànà àtijọ́ tí a fi ń pín disk) kò ní í jí àfi bí ẹ bá dá Legacy padà. Windows tún lè béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti disk pa), nọ́ńbà 48, tó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft ẹni tó ni ẹ̀rọ. Kí onílaptop kọ ọ́ sínú ìwé kó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́.