Ohun tí omi tútù, ahọ́n erin àti ọ́ọ̀tì ń ṣe lára awọ tí oòrùn jó

Ẹni tí oòrùn jó kì í sábà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Á ti kúrò lójú oòrùn, á ti wẹ̀, á ti jókòó jẹ́jẹ́, kí èjìká tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Tó bá fi máa di àkókò oorun, aṣọ ìbora lásán ti di ohun tí ara ò fẹ́ kó kàn án. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà ni jíjó yìí sábà máa ń gbà kó tó fara hàn, láàárín wákàtí 12 sí 24 ló máa ń le jù, ó sì di nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó rọlẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú awọ láàárín àkókò yẹn ló ṣàlàyé ìdí tí ìtọ́jú ilé kan fi ń tuni lára tí òmíràn sì ń dá kún ìyà.

Kì í ṣe ooru oòrùn ló ń jó awọ. Ìtànṣán UV ni, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí. Lọ́dún 1801, ní ìlú Jena ní Jámánì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Johann Wilhelm Ritter jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú gíláàsì tó ń pín in sí oríṣiríṣi àwọ̀, ó wá gbé silver chloride, èròjà tí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ di dúdú, síbi tí àwọn àwọ̀ náà bọ́ sí. Ẹ̀yìn àwọ̀ elésè àlùkò, níbi tó dà bíi pé ìmọ́lẹ̀ ò sí rárá, ni èròjà náà ti yára dúdú jù. Ohun tó wà níbẹ̀ náà ló ń jó èèyàn lọ́jọ́ tí ìkùukùu bojú ọ̀run tí atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́. Lórí òkè tí òjò dídì bò ńkọ́? Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lè dá ìtànṣán yìí padà sókè tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ara ò gbóná, nítorí náà èèyàn ò sá.

Tí UV bá wọ awọ, pàápàá irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní UVB, á ba DNA, ìyẹn ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè awọ. Sẹ́ẹ̀lì tó bá lè tún tiẹ̀ ṣe á tún un ṣe. Èyí tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe á pa ara rẹ̀, kó má baà di ohun tó máa dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí èyí ṣe ń lọ lọ́wọ́, awọ á tú àwọn èròjà bíi prostaglandin jáde. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wá, omi á jò jáde nínú wọn sínú awọ, ìfọwọ́kàn tí kò tó nǹkan á sì máa dunni. Ibẹ̀ ni pípọ́n, wíwú àti ìrora ti wá. Ooru tí ọwọ́ ń bá níbẹ̀ lálẹ́, ẹ̀jẹ̀ ló gbé e wá. Ti oòrùn ti lọ tipẹ́.

Awọ dúdú náà kò yọ sílẹ̀. Melanin, èròjà tó ń mú kí awọ dúdú, ń dín UV tó ń wọlé kù, àmọ́ kò dí i pa. Ohun tó ń ṣini lọ́nà ni pé pípọ́n kì í hàn dáadáa lára awọ dúdú: ó lè kàn ṣókùnkùn sí i, kó le, kó máa yún, kó sì gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ọwọ́ tí wọ́n bá gbé lé e ló máa tètè mọ̀ ọ́n.

Kò sí ohun tí wọ́n lè fi pa ara lálẹ́ tó máa tún DNA tó bàjẹ́ lọ́sàn-án ṣe. Awọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn. Ohun tí ìtọ́jú ilé lè ṣe ni kó gbé ooru kúrò, kó má jẹ́ kí omi inú awọ gbẹ tán, kó má sì dá ọgbẹ́ kún ọgbẹ́. Ó lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹni tó ń jẹ̀rora mọ iyì rẹ̀.

Omi tútù ló ṣáájú, kò sì sí èyí tó tó o ní wákàtí àkọ́kọ́. Wọ́n á rẹ aṣọ rírọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á fún un díẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ lé ibi tó jó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́. Tí wọ́n bá ká aṣọ náà sókè láìpẹ́, wọ́n á rí i pé abẹ́ rẹ̀ ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́: ooru awọ ti bọ́ sára aṣọ, ó ti tó tún rẹ nìyẹn. Bí omi ṣe ń gbẹ kúrò lára, ó ń gbé ooru lọ. Òtútù rẹ̀ sì ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó fẹ̀ tún sún kì. Yìnyín inú fíríìsà kò ṣe é gbé lé e, torí ó lè pa awọ tó ti fara pa yìí lára bí iná ṣe ń ṣe. Kí wọ́n wẹ̀ nínú omi tútù dára pẹ̀lú, láìlo kànìnkànìn. Lẹ́yìn ìwẹ̀, aṣọ ìnura á kàn máa tẹ ara díẹ̀díẹ̀ ni, láìfi í nù ún gírígírí, kí ọ̀rinrin ṣì kù lára nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ìpara tí kò ní lọ́fínńdà pa á.

Ahọ́n erin, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí aloe vera, ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá gé ewé rẹ̀, omi pupa rúsúrúsú kan tó korò á máa ro jáde lábẹ́ èèpo. Ìyẹn máa ń yún ẹlòmíràn lára, nítorí náà kí wọ́n nà án ró, kó ro tán, kí wọ́n ṣan ewé náà, kí wọ́n tó bó o. Ohun tó ń yọ̀ tó mọ́ gaara tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìyókù jẹ́ àwọn ṣúgà alásopọ̀ tó ń di omi mú. Ó ń tutù bó ṣe ń gbẹ, ó sì ń fi ìbòrí fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lórí awọ. Ẹ̀rí pé ó ń mú kí ibi tí oòrùn jó tètè jinná kò lágbára, ṣùgbọ́n ìtura rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré. Èyí tí wọ́n rọ sínú ike tà, tó bá ní ọtí nínú, á ta awọ, á sì tún gbẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta tí ìyún bá dé, ọkà ọ́ọ̀tì ló wúlò jù. Lílọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná. Tí wọ́n bá ro ṣíbí kan rẹ̀ sínú ife omi, tí omi náà funfun bíi wàrà tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ti kúnná tó. Tó bá kàn rọ̀ sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n padà lọ̀ ọ́. Wọ́n á dà á sínú omi ìwẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, wọ́n á sì jókòó sínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní beta-glucan ń di omi mú sórí awọ, èyí tí wọ́n ń pè ní avenanthramide sì ń pẹ̀tù sí ìyún. Ní ti kùkúḿbà àti wàrà tútù, iṣẹ́ omi tútù náà ni wọ́n sábà ń ṣe.

Òróró, bọ́tà àti Vaseline kò dára ní wákàtí àkọ́kọ́, torí wọ́n ń há ooru mọ́ inú awọ. Tí ooru bá ti lọ, wọ́n lè wá fi òróró tàbí Vaseline pa á kí awọ má baà gbẹ. Fínígà àti ọṣẹ ìfọyín ń ta awọ. Èyí tó burú jù ni omi ọsàn wẹ́wẹ́: èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń bá UV pawọ́ pọ̀, tó fi jẹ́ pé tí ẹni tó fi pa ara bá tún jáde sí oòrùn, ibi tí omi náà dé lè jó lákọ̀tun, kó lé ròrò, kó sì fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Omi mímu ṣe pàtàkì, torí omi ara ń wọ́ lọ síbi tó jó. Oògùn ìrora tí wọ́n ń pè ní ibuprofen, fún ẹni tí ara rẹ̀ gbà á, ń dín prostaglandin kù. Ó dára kí wọ́n tètè lò ó. Ìléròrò kò ṣe é bẹ́, torí awọ orí rẹ̀ ni ìbòrí tó dára jù fún egbò abẹ́ rẹ̀. Tó bá gba ibi púpọ̀ lára, tó ń sọyún, tàbí tí ibà, òtútù, èébì, òòyì tàbí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn bá bá a rìn, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ dúró de àmì kankan nínú wọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, awọ á máa bó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kú ló ń ṣí kúrò, wọn ò sì ṣe é fà ya, torí etí ibi tó ń bó ṣì lẹ̀ mọ́ awọ tó wà láàyè. Èyí tó yọ lábẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀, oòrùn sì tètè ń rí i jó, nítorí náà abẹ́ aṣọ ló yẹ kó wà títí á fi gbó.