Ológbò Tí Màmá Gbà Sílé, Ta Ló Ni Ín?

Àwọn ọmọ ló sábà máa ń wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ìyá fúnra rẹ̀. Wọ́n á gbé ológbò wọlé nínú páálí, wọ́n á ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo bá parí, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Dókítà, a ò mọ ẹni tó ni ín o. Màmá ló gbà á sílé. Ìkẹta rèé lọ́dún yìí.” Nígbà mìíràn, ẹ̀gbọ́n ni, tàbí bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí àǹtí tó ń dá gbé. Ojú máa ń ti ọmọ tó gbé e wá, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Kò yẹ kí ojú tì í. Ẹni tó rí ẹranko tí ebi ń pa, tó bu oúnjẹ fún un, kò ṣe ohun burúkú. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹranko tí a kò mọ ẹni tó ni ín.

Ológbò yàtọ̀ sí ajá. Ajá tó ń dá rìn kiri láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí, ó ṣeé ṣe kó ti sọnù. Ológbò tó ń dá rìn, òòjọ́ rẹ̀ ló ń wá. Ó ní ọ̀nà tó máa ń gbà, ó ní ògiri tó máa ń sùn lé, ó sì lè ní ilé méjì tàbí mẹ́ta tó ti ń jẹun, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì gbà pé tàwọn nìkan ni. Mo mọ ọ̀kan tó ní orúkọ mẹ́ta lójú pópó kan ṣoṣo, tó sì ń dáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ológbò tó ń ké lẹ́nu ọ̀nà màmá, ẹjọ́ tirẹ̀ nìkan ni màmá gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ó jẹun tán nílé kejì ní wákàtí kan sẹ́yìn.

Ẹ̀rí tí àwọn ènìyàn máa ń kà fún mi pé ológbò kò ní olóhun ni pé kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀, irun rẹ̀ ti lọ́, ó sì rù. Okùn ọrùn tó dára fún ológbò, ṣe ni wọ́n ṣe é kó lè já fúnra rẹ̀ bó bá kọ́ mọ́ ẹ̀ka igi, kó má baà fún ẹranko náà lọ́rùn pa. Nítorí náà, ológbò tí wọ́n ń kẹ́ dáadáa nílé lè sọ okùn nù léraléra. Ní ti irun tó lọ́ pọ̀ lẹ́yìn, ológbò tí oríkèé ń dùn nítorí ọjọ́ ogbó kì í lè yí ọrùn débẹ̀ mọ́ láti fi ahọ́n tọ́jú rẹ̀, bí ó ti wù kí ilé rẹ̀ dára tó.

Ti rírù ló máa ń tan ènìyàn jù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan gbé ológbò dúdú kan wá. Ìyá rẹ̀ ti tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń jẹun bí ẹni tí kò jẹun rí, síbẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà níkọ̀ọ̀kan. Màmá ti pinnu pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́ níbi tó ti wá ni. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, mo bá kókó kékeré kan níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ń sáré kíkankíkan. Àrùn ológbò àgbà ni, ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti ju ọdún 10 lọ. Ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tó wà lọ́rùn á máa ṣiṣẹ́ àṣejù, ara á sì máa jó oúnjẹ bí iná ṣe ń jó koríko gbígbẹ. Bí ó ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rù. Oògùn rẹ̀ wà, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó. A rí microchip, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré abẹ́ awọ tó ń gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀, lára ológbò náà. Nọ́ńbà rẹ̀ mú wa dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ilé rẹ̀ fi ilé mẹ́rin péré jìnnà sí ti màmá. Ó ti tó ọdún méjì tí bàbá yìí ti ń fún un ní oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi wà lọ́dọ̀ màmá, kò rí oògùn kankan lò. Ìfẹ́ ni màmá fi tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n ọkàn ẹranko náà ti ń rẹ̀ ẹ́.

Àwọn àìsàn mìíràn wà tí a kò lè fi ojú rí. Ológbò tó ní àtọ̀gbẹ sábà máa ń gba ínsúlíìnì ní wákàtí 12 síra wọn, ìwọ̀n oúnjẹ tó ń jẹ ni wọ́n sì wò kí wọ́n tó mọ ìwọ̀n abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí ilé kejì bá ń bọ́ ọ níkọ̀kọ̀, ìṣirò yẹn á dàrú. Akọ tí òkúta ti di ojú ìtọ̀ rẹ̀ rí lè wà lórí oúnjẹ àkànṣe. Bí ojú ìtọ̀ náà bá tún dí, ó lè kú láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ní ti abo, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ wo ikùn rẹ̀. Bí ọmú rẹ̀ bá wú, tí irun tó yí i ká sì ti re, ó ní ọmọ níbì kan. Ọmọ ológbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ń mu ọmú ní wákàtí díẹ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ á sì tutù kíákíá bí ìyá kò bá padà. Ẹ jẹ́ kí irú abo bẹ́ẹ̀ máa lọ, kí ẹ sì fọgbọ́n tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti mọ ibi tó kó wọn sí.

Mo tún fẹ́ kí ẹ bá mi kìlọ̀ fún màmá nípa ìtọ́jú tó ń ti ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Wàrà màlúù máa ń fún ọ̀pọ̀ ológbò àgbà ní ìgbẹ́ gbuuru. Paracetamol tí ènìyàn ń lò fún ẹ̀fọ́rí, wóró kan ṣoṣo tó láti pa ológbò. Oògùn eégbọn ajá tí permethrin, ìyẹn èròjà apakòkòrò kan, wà nínú rẹ̀ náà ń pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko ló ti gbìyànjú láti gba irú ológbò bẹ́ẹ̀ là, kì í sì í fi ìgbà gbogbo bọ́ sí i.

Báwo ni a ṣe ń mọ ẹni tó ni ín? Ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ti máa ń pẹ́ tó kí àwọn ènìyàn tó ronú kan èyí. Lẹ́yìn náà, ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ológbò yìí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá,” kí nọ́ńbà fóònù tẹ̀ lé e. Ẹ fi yí i lọ́rùn, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, lọ́nà tí bébà náà á fi ya bí ohunkóhun bá fà á. Ẹ má ṣe lo okùn tàbí rọ́bà. Ẹ wá jẹ́ kó máa lọ. Bí ẹnì kan bá wà tó ń retí rẹ̀ nílé, ó lè pè kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pè, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí bébà àkọ́kọ́ lè ti já sínú igbó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kó wò ó bóyá microchip wà lára rẹ̀. Kò tóbi ju wóró ìrẹsì lọ, abẹ́ awọ láàárín èjìká méjèèjì ni wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ tì í sí. Kò ní bátìrì, kò sì lè sọ ibi tí ẹranko wà; nọ́ńbà ìdánimọ̀ nìkan ló ń gbé, èyí tó sábà máa ń ní dígíìtì 15. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ sí ló ní orúkọ àti fóònù ẹni tó ni ẹranko lọ́wọ́. Ẹ bẹ dókítà kó fi ẹ̀rọ náà gba gbogbo ara kọjá títí dé ẹsẹ̀ iwájú, nítorí microchip a máa rìn kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Kí ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ ológbò tí wọ́n fẹ́ràn gidigidi ni kò ní i rárá. Bí ẹ bá gbé àwòrán rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àmì kan pamọ́, bíi àbàwọ́n abẹ́ ikùn, kí ẹni tó bá ní òun ló ni ín lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan pẹrẹsẹ, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ológbò ìta ti mú un rí, ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó sì ti dá a padà síbi tó mọ̀. Ẹ lè bọ́ ọ. Ẹ má tì í mọ́lé.

Èyí tí a wá tọ ipa rẹ̀ títí tí a kò rí olóhun, kó máa bá màmá gbé. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ dá wà nínú yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn aràn, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó bá àwọn yòókù jẹun pọ̀. Bó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an nítorí àrùn dìgbòlugi.

Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ni ín, tí ẹ wá gbà pé kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun ìní ni ológbò lójú òfin. Àwọn aláṣẹ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹranko lẹ máa fi tó létí, kì í ṣe pé kí ẹ gbé e pamọ́.

Bí ẹ ṣe máa bá màmá sọ̀rọ̀ wá kù. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tó bá jáde kí ẹ tó kó àwọn ológbò rẹ̀ lọ. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni òmíràn dé, ìyá náà ò sì fọkàn tán àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ẹ bi í bí òun àti ológbò náà ṣe pàdé, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa gbọ́ pé oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ni, tàbí lẹ́yìn tí àbíkẹ́yìn kúrò nílé. Ẹ fi ìwádìí náà sí i lọ́wọ́: òun ni kó kọ bébà, nọ́ńbà rẹ̀ ni kó wà níbẹ̀. Bó bá fẹ́ ẹranko tí yóò máa bá a gbé, ẹ bá a wá àgbà ológbò tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tí kò sì ní olóhun.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí òórùn ìtọ̀ bá ń ta yín lójú láti ẹnu ọ̀nà, tí kò mọ iye tó wà nílé mọ́, tó ń sọ pé ara wọn le nígbà tí ọyún ń jáde lójú wọn. Àìsàn nìyẹn, ó sì nílò dókítà ènìyàn àti ti ẹranko pa pọ̀. Kíkó ilé kalẹ̀ nìkan kì í wò ó sàn.

Ní ti ológbò dúdú yẹn, inú bí bàbá tó ni ín nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, màmá sì sunkún. Mo ní kí àwọn méjèèjì jókòó, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oògùn náà fún màmá níṣojú bàbá. Oṣù kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá rìnrìn àjò. Màmá ló ń fún ológbò náà ní oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń kọ àkókò rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ó mú ìwé náà wá hàn mí.