Bí Oòrùn Ṣe Ń Dá Jẹjẹrẹ Awọ Sílẹ̀, Àti Ohun Tó Ń Pinnu Ẹni Tó Máa Yè É

Awọ tí oòrùn jó kì í pẹ́ jiná. Á pọ́n, á máa ta èèyàn, á bó, awọ tuntun á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ni kì í tán bọ̀rọ̀.

Ìtànṣán tí ojú kì í rí, tí wọ́n ń pè ní ultraviolet, ló ń ṣe é. Ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ UVB máa ń so ẹyọ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí okùn DNA (ohun tó gbé ìlànà iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì) pọ̀, bí ìgbà tí okùn bá ta kókó. Ẹ̀ka kejì, UVA, ń wọ inú awọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń ba DNA jẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Ara kò káwọ́ gbera wò ó. Sẹ́ẹ̀lì ní irinṣẹ́ tó ń gé ibi tó ta kókó dànù, tó sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ìbàjẹ́ bá kọjá àtúnṣe, sẹ́ẹ̀lì náà á pa ara rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú àrùn xeroderma pigmentosum ló jẹ́ kó hàn bí iṣẹ́ yìí ti ṣe pàtàkì tó. Irinṣẹ́ àtúnṣe náà kò pé lára wọn, jẹjẹrẹ awọ sì lè mú wọn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 10.

Lára àwọn yòókù, díẹ̀díẹ̀ ni kókó ń bọ́ mọ́ irinṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ọdún ń gorí ọdún, àṣìṣe ń gorí àṣìṣe. Bí ọ̀kan bá bọ́ sórí jíìnì p53, tó jẹ́ ìjánu sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì náà lè máa pín láìdúró, kó sì di jẹjẹrẹ.

Oríṣi jẹjẹrẹ awọ mẹ́ta ló wọ́pọ̀, bí oòrùn sì ṣe ń fà wọ́n kò dọ́gba. Basal cell carcinoma ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í sábà kúrò lójú kan. Squamous cell carcinoma ń tẹ̀lé àpapọ̀ oòrùn tí awọ ti gbà láti kékeré. Òun ló ń dààmú àwọn àfín jù lọ, nítorí mẹ́lánìn, èròjà tó ń fún awọ ní àwọ̀, tó yẹ kó bo àárín sẹ́ẹ̀lì bí agboòrùn kò tó lára wọn. Melanoma kéré níye, òun ló sì le jù. Oòrùn líle tó ń jó awọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá nígbà ọmọdé, ló ń ṣokùnfà ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní Nambour, ní Queensland lórílẹ̀-èdè Australia, wọ́n pín àgbàlagbà tó lé ní 1,600 sí méjì láti 1992 sí 1996: apá kan ń fi ìpara adènà oòrùn para lójoojúmọ́, apá kejì ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n ṣì ń tọpa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Melanoma 11 ni wọ́n kà ní apá àkọ́kọ́, 22 ní apá kejì.

Àmọ́ bí melanoma bá ti yọ, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ ibi tó máa já sí jù lọ. Dókítà Alexander Breslow ló fi èyí hàn ní 1970, nígbà tó ń wọ̀n ọ́n ní mìlímítà. Èyí tí kò tó mìlímítà 1, iṣẹ́ abẹ nìkan ló sábà máa ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tó ti dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọpọlọ, ọ̀rọ̀ ti di méjì.

Ohun ìyanu kan wà níbẹ̀. Oògùn tó ń tú agbára ìdènà àrùn sílẹ̀ láti bá jẹjẹrẹ jà, bíi ipilimumab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2011, sábà máa ń rí melanoma tí oòrùn fà mú ju èyí tí oòrùn kò fà lọ. Àṣìṣe inú DNA rẹ̀ pọ̀ débi pé ara lè dá a mọ̀ bí àjèjì. Ìbàjẹ́ tó dá àrùn sílẹ̀ náà ló tún ń tú àṣírí rẹ̀.

Melanoma àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná kò ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ púpọ̀, nítorí kì í ṣe oòrùn ló fà á. Òun ló sì wọ́pọ̀ jù nínú melanoma àwọn aláwọ̀ dúdú. Irú rẹ̀ ló yọ lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ Bob Marley, tó kú ní 1981 lẹ́ni ọdún 36. Awọ dúdú dín ewu melanoma kù gan-an, síbẹ̀ àwọn tó bá mú nínú wọn ń kú ju aláwọ̀ funfun lọ, pàápàá torí pé ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Wọ́n á ní bàtà ló há, tàbí pé wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ. Ìlà dúdú tó ń fẹ̀ sí i lábẹ́ èékánná kan ṣoṣo, tàbí àmì tó ń yí àwọ̀ padà ní àtẹ́lẹsẹ̀, ni dókítà ń fẹ́ rí kó tó di egbò.